Orúkọ Tó Wà Láàrin Àwọn Arìnrìn-àjò

Bí a ṣe máa ń gbàdúrà òwúrọ̀ nílé wa nìyí, láti ìgbà ayé ọkọ mi tó jẹ́ díákónì ní ìjọ Onítẹ̀bọmi. A ó kọrin. Ẹniọlá ọmọ ọmọ mi yóò ka Bíbélì, nítorí lẹ́tà wẹ́wẹ́ ti ń sá fún ojú mi, díẹ̀ náà ni mo sì mọ̀ ọ́n kà tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà ni èmi yóò gbàdúrà. N ó kọ́kọ́ dúpẹ́ pé a jí. N ó bẹ̀bẹ̀ fún àwọn aláìsàn, n ó dárúkọ wọn. Tí àwọn aláìsàn bá tán, ó kan àwọn tó wà lójú ọ̀nà. Ibẹ̀ ni mo ti máa ń sọ pé, "Baba, Ayọ̀bámi ọmọ mi wà lójú ọ̀nà, mú un délé." Wọn yóò ṣe àmín. A ó wá tọrọ oúnjẹ òòjọ́, a ó ka Àdúrà Olúwa, kálukú yóò sì gba ibi iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Ó ti pẹ́ tí Ayọ̀bámi ti wà lójú ọ̀nà. Nígbà tó jáde nílé, Ẹniọlá ọmọ rẹ̀ ṣì ń wọ bàtà sódì. Ní báyìí, ọmọ náà ti ga ju ìyá rẹ̀ lọ.

Ọsàn ni ọmọ mi ń kó. Ẹ̀yin tí ẹ bá ti gba Fìdítì kọjá, ẹ mọ ọsàn wa. Tó bá ti pọ́n, yóò kó o kún ọkọ̀ akẹ́rù, yóò gbé e lọ sí òkè Ọya, yóò sì kó àlùbọ́sà bọ̀. Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, mo dúró ti táyà ọkọ̀, mo ń gbàdúrà fún un. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Màámi, ẹ jẹ́ ó kúrú, oòrùn ń pa ọsàn." Mo sì jẹ́ kó kúrú.

Wọ́n bá ọkọ̀ náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀, ọsàn ti ń jẹrà lẹ́yìn rẹ̀. Wọn ò bá Ayọ̀bámi. Ẹnikẹ́ni ò pè wá pé ọwọ́ òun ló wà. Ẹnikẹ́ni ò sọ pé òun rí òkú rẹ̀. Àwọn ọlọ́pàá ní ká máa retí. Àwọn ẹbí ọkọ mi lọ síbẹ̀, wọ́n wá a títí, bàtà ẹsẹ̀ kan ni wọ́n mú bọ̀, èmi tí mo bí i ò sì lè sọ bóyá tirẹ̀ ni.

Ohun kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀. Ní ìjọ tiwa, a kì í gbàdúrà fún òkú. Ẹni tó bá ti kú, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti bọ́ sọ́wọ́ Ẹlẹ́dàá. A lè dúpẹ́ fún ayé tó gbé, a lè bẹ Ọlọ́run kó tu àwọn tó kù nínú, ó parí. Láti kékeré ni wọ́n ti fi kọ́ mi. Ìdí rèé tí mo fi di àdúrà yẹn mú. Níwọ̀n ìgbà tí mo bá ṣì ń dárúkọ ọmọ mi láàrin àwọn arìnrìn-àjò, ó wà láyé. Ní ìpàdé àdúrà Ọjọ́rú náà, tí Pásítọ̀ bá bèèrè ẹni tó ní ẹ̀bẹ̀, èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ dìde. Wọn kì í tiẹ̀ jẹ́ kí n la ẹnu kí wọ́n tó dijú. Wọ́n ti mọ ohun tí mo fẹ́ sọ.

Nígbà ọyẹ́ tó kọjá ni mo kíyè sí i pé àmín ilé wa ti dín. Mobọ́lá, ìyàwó Ayọ̀bámi, ń ṣe àmín fún àwọn aláìsàn. Ó ń ṣe é fún oúnjẹ òòjọ́. Ṣùgbọ́n tí a bá ti dé orí ọkọ rẹ̀, Ẹniọlá nìkan ni mò ń gbọ́. Mo kọ́kọ́ rò pé etí mi ni. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́tí sí i. Kì í ṣe etí mi.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan tí Ẹniọlá ti lọ sílé ìwé, mo bá Mobọ́lá níbi tó ti ń to ọ̀pẹ̀ òyìnbó sínú agbọ̀n tó fẹ́ gbé lọ sí ẹ̀bá títì.

"Mobọ́lá, mi ò gbọ́ àmín rẹ."

"Mo ṣe àmín, Màámi."

"O ṣe é fún ẹni tí orúnkún ń dùn. O ò ṣe é fún ọkọ rẹ."

Ó gbé èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kalẹ̀. "Màámi, ẹ má bínú. Tí mo bá ti ṣe àmín yẹn, ìrètí tún bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun nìyẹn. N ó dé ẹ̀bá títì, gbogbo ọkọ̀ akẹ́rù tó bá ti dúró, n ó máa wo ẹni tó fẹ́ sọ̀ kalẹ̀. Àwọn oníbàárà á máa pè mí, mi ò ní gbọ́. Ó ti rẹ̀ mí, Màámi."

"Ta ló ń bá ọ sọ̀rọ̀?"

Mobọ́lá kì í purọ́. "Tíṣà Olúkúnlé ni, ní Ìlọra. Ìyàwó rẹ̀ ti kú. Ó fẹ́ wá rí yín, èmi ni mo ní kó má tíì wá."

"O ṣe dáadáa. Kó jókòó sí Ìlọra rẹ̀. Ìyàwó ilé yìí ni ọ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màámi." Ó gbé agbọ̀n rẹ̀ rù, ó lọ.

Kò pẹ́ sígbà náà ni Pásítọ̀ Nehemiah wá kí mi. Ọmọdé ni lójú mi, àbíkẹ́yìn mi ì bá jù ú lọ. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó mu omi tí mo gbé fún un tán pátá kó tó sọ̀rọ̀, mo sì ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà wúwo.

"Màmá, Tíṣà Olúkúnlé wá rí mi. Ó fẹ́ ṣe é bó ṣe yẹ, nínú ìjọ."

"Ìyàwó oníyàwó ló fẹ́ gbà bó ṣe yẹ?"

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ẹ̀rín náà ò pẹ́. "Ohun tó gbé mi wá gan-an nìyẹn, Màmá. Tí Bùrọ̀dá Ayọ̀bámi bá wà láyé, mi ò lè so ìyàwó wọn pọ̀ mọ́ ẹnikẹ́ni. Tí wọn ò bá sí mọ́, ká ṣe ìsìn ìdúpẹ́ fún wọn, ká gbà pé wọ́n ti lọ. Ṣùgbọ́n a ò lè gbàdúrà lọ́jọ́rú pé kí wọ́n délé, ká wá fa ìyàwó wọn fún ẹlòmíràn lọ́jọ́ Sátidé."

"Ṣé Ọlọ́run sọ fún yín pé ọmọ mi ti kú?"

"Rárá, Màmá."

"Ṣé ẹ gbàdúrà sí i?"

"Mo gbàdúrà sí i. Mi ò gbọ́ nǹkan kan." Ó ń wo ilẹ̀. "Mi ò lè purọ́ mọ́ Ọlọ́run níwájú yín."

Mo fẹ́ràn rẹ̀ fún ọ̀rọ̀ yẹn, inú sì tún bí mi sí i. Ó dìde, ó ní, "Mi ò wá pàṣẹ, Màmá. Ẹ̀yin lẹ ń dárúkọ wọn, ẹ̀yin náà lẹ máa sọ ìgbà tó tó. Mo kàn fẹ́ kẹ́ ẹ mọ ohun tó so mọ́ ọn ni."

"Mo ti gbọ́," mo ní. "N ó dìde lọ́jọ́rú."

Mo sì dìde lóòótọ́, mo sọ ọ́ sókè ju bí mo ṣe ń sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ lọ.

Bàrákátù ni aládùúgbò mi, ògiri ẹ̀yìnkùlé kan náà la jọ ń lò. Èmi àti ẹ̀ jọ pọn omi odò nígbà tí a wà ní ọmọge. Mùsùlùmí ni. Ó bá mi lẹ́yìnkùlé tí mò ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí, ó jókòó, ó bu díẹ̀ nínú rẹ̀ sórí itan, ó ń bá mi ṣẹ́ ẹ.

"Àlàkẹ́, kí ló tún dé tó o fajú ro bí ẹni tí ewúrẹ́ jẹ gbogbo ẹ̀fọ́ rẹ̀?"

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó mi orí.

"Ẹ̀yin onígbàgbọ́ yìí, ẹ le o. Èmi ṣì ń dárúkọ bàbá Ṣùkúrù ní gbogbo Jímọ́ọ̀, mò ń bẹ Ọlọ́run kó forí jì í. O ṣáà mọ ìwà ọkọ mi yẹn kó tó kú. Tí mo bá dákẹ́, ta ni yóò bá a bẹ̀bẹ̀? Ìyàwó kékeré tó ti kó lọ sí Awẹ́?"

Ẹ̀rín pa mí, n kò fẹ́ rín in. "Tiwa ò rí bẹ́ẹ̀, Bàrákátù."

"Mo mọ̀. Jẹ́ kí n bá ọ fi Ayọ̀bámi sí tèmi. Ibi yòówù kó wà, Ọlọ́run mọ ibẹ̀."

"Má dán an wò! Tí o bá fi í sáàrin àwọn òkú rẹ, o ti pa á fún mi nìyẹn."

"Ó dáa, mi ò ṣe é mọ́." Ó fẹ́ èèpo ẹ̀gúsí kúrò ní àtẹ́lẹwọ́. Nígbà tó yá, ó ní, "Ṣùgbọ́n Mobọ́lá, ọmọ ọlọ́mọ tó wà lọ́dọ̀ rẹ yìí ńkọ́, Àlàkẹ́? Òun ò sì sọnù. Ojoojúmọ́ lò ń rí i."

Mo ń wá ẹ̀gúsí tó bọ́ sílẹ̀.

Òjò àkọ́kọ́ ti rọ̀ nígbà tí mo tún gbọ́ àmín Mobọ́lá. Mo dé orí àwọn tó wà lójú ọ̀nà. Mo ní, "Baba, Ayọ̀bámi ọmọ mi," àmín náà sì bọ́ kí n tó sọ ọ́ tán. Kò pariwo. Ó gbẹ, bí ìgbà tí ènìyàn sọ igi ìdáná kalẹ̀. Mo lajú, ohun tí n kì í ṣe láàrin àdúrà. Mobọ́lá ò dijú. Ògiri ló ń wò.

Nígbà tí a parí, mo bi í pé kí ló ṣẹlẹ̀.

"Mo ti ní kí Tíṣà má pè mí mọ́," ó ní. "Ẹ ń gbàdúrà, Màámi. Mi ò fẹ́ jẹ́ ẹni tó máa dí i lọ́wọ́."

Kò fi mí ṣẹ̀sín. Ká ní ó fi mí ṣẹ̀sín ni, ì bá sàn fún mi.

Ohun tí mo fẹ́ ni mo gbà yẹn. Mo gbìyànjú kí inú mi dùn sí i, kò dùn. Mobọ́lá lọ sí ẹ̀bá títì, ó bọ̀, ó dáná. Ọbẹ̀ náà ò níyọ̀. A jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀, Ẹniọlá wo ìyá rẹ̀, ó wo èmi náà, ó gbé abọ́ lọ fọ̀. Mo wọ yàrá, mo kúnlẹ̀. Ìbéèrè kan wà tó ti pẹ́ tí mo ti ń sá fún, mo bi Ọlọ́run lọ́jọ́ náà. Mo ní, "Ṣé ìwọ lo ní kí n máa retí, àbí èmi ni mo so ọmọ ọlọ́mọ mọ́lẹ̀, tí mo wá ń pè é ní ìgbàgbọ́?" Ìgbálẹ̀ Mobọ́lá nìkan ni mò ń gbọ́ ní àgbàlá. Ó ń gbá ibi tó ti gbá tẹ́lẹ̀.

Lọ́jọ́rú, Pásítọ̀ bèèrè ẹni tó ní ẹ̀bẹ̀. Mo dìde. Gbogbo wọn dijú bí ìṣe wọn.

Mo ní, "Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún ayé Ayọ̀bámi ọmọ mi."

Ẹnìkan ti ṣe àmín kó tó mọ ohun tó gbọ́, ó sì gé e mọ́ ẹnu. Ojú ń là lọ́kọ̀ọ̀kan. Mobọ́lá wà lórí àga ẹ̀yìn. Igbe kan ló ké, irú èyí tó ké lọ́jọ́ tí wọ́n wá sọ ọ̀rọ̀ ọkọ̀ fún wa. Àwọn obìnrin sáré yí i ká. Èmi nìkan ló dúró níwájú, wọn ò mọ bí wọ́n ṣe máa kí mi. Ta ló ń kí ènìyàn kú ọ̀fọ̀ òkú tó ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀? Pásítọ̀ Nehemiah ló wá di ọwọ́ mi mú.

A ṣe ìsìn ìdúpẹ́ náà. Kò sí pósí, wọn ò gbẹ́ ilẹ̀. Àwòrán rẹ̀ ni wọ́n gbé sórí tábìlì, ó ń rẹ́rìn-ín nínú rẹ̀, bó ṣe rín in lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà yẹn. Gbogbo ìgbà tí wọ́n ń kọrin, etí mi wà lójú títì.

Olúkúnlé wá lẹ́yìn náà pẹ̀lú àwọn ẹbí rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún mi nínú ẹrẹ̀, pẹ̀lú aṣọ funfun. Mo wá ẹ̀sùn tí n ó kà sí i lọ́rùn, mo wá a dáadáa, mi ò rí. Wọ́n ṣe ìgbéyàwó wọn láìsí ariwo. Mobọ́lá kó lọ sí Ìlọra, Ẹniọlá sì bá ìyá rẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń lọ, Mobọ́lá dì mọ́ mi lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Màámi, ẹ dárúkọ wa o." Mo ní n ó máa dárúkọ wọn.

Mo ṣì ń gbàdúrà òwúrọ̀. Mo máa ń kọrin náà, orin tí mo mọ̀ sórí, nítorí kò sẹ́ni tó máa kàwé fún mi. Mo máa ń dúpẹ́ pé mo jí. Tí mo bá dárúkọ àwọn aláìsàn tán, mo máa ń fi Mobọ́lá àti Ẹniọlá sáàrin àwọn tó wà lójú ọ̀nà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Ìlọra ò jìnnà, ọ̀kadà ń gbéni débẹ̀. Lẹ́yìn orúkọ wọn, ẹnu mi á tún fẹ́ lọ síwájú. Mo máa ń pa á dé. N ó wá tọrọ oúnjẹ òòjọ́. Èmi náà ni mò ń ṣe àmín rẹ̀.

Lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀ tó kọjá, mo jókòó sí ẹ̀yìnkùlé, mò ń bẹ iṣu. Bàrákátù kírun tán lódìkejì ògiri, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀ fún àwọn òkú rẹ̀. Ó kọ́kọ́ fi èdè Lárúbáwá ṣe é, ó wá bọ́ sí Yorùbá. Ó dárúkọ bàbá rẹ̀, ó dárúkọ ìyá rẹ̀, ó dárúkọ bàbá Ṣùkúrù. Lẹ́yìn náà ó rẹ ohùn sílẹ̀, torí ó mọ̀ pé mo wà níbẹ̀.

"Àti Ayọ̀bámi," ó ní, "ọmọ Àlàkẹ́."

Mo gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. Mi ò ké sí i pé kó dákẹ́. Mi ò ṣe àmín. Mo jókòó síbẹ̀ títí ó fi parí.