Bàbá Lẹ̀ Mọ́ Dígí

Tíṣà àti àbúrò rẹ̀ obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló jọ gbé fọ́tò bàbá wọn tòun ti férémù wọ ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń tún fọ́tò ṣe, ìyá wọn ń bọ̀ lẹ́yìn pẹ̀lú ọ̀pá. N kò tíì kí wọn tán tí ìjà ti bẹ̀rẹ̀.

“Bọ̀dá mi ló ki bíléèdì bọ̀ ọ́ o, Ọ̀gá. Ẹ bá mi bi wọ́n léèrè, ṣé irùngbọ̀n ni wọ́n fẹ́ fá fún Bàbá ni?”

“Ó lẹ̀ mọ́ dígí,” ni Tíṣà fèsì. “Ṣé kí n máa wò ó níran ni?”

Mo gbé e sórí tábìlì, mo sì tú u kúrò nínú férémù. Ọkùnrin kan tó wọ kóòtù jókòó lórí àga, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ òfófó. Bíléèdì ti ya èjìká rẹ̀ òsì, ibi tó ya kò ju èékánná lọ.

Ìyá ní, “Kò sí òmíràn. Tí èyí bá bàjẹ́, mi ò ní rójú ọkọ mi mọ́.”

Bí mo ṣe ń ba nǹkan jẹ́ ni mo ṣe kọ́ iṣẹ́ yìí, nǹkan tèmi ni mo sì bà jẹ́. Mo mọ̀ pé tí a bá fa fọ́tò tó lẹ̀ mọ́ dígí, awọ ojú rẹ̀ ni dígí máa gbà. Mo gé bébà tẹ́ẹ́rẹ́ kan, mo sì rọra ń tì í wọ àárín dígí àti fọ́tò láti etí. Níbi tó bá ti kọ̀, mo fi tádàwà sàmì sórí dígí. Nígbà tí mo parí, àmì náà yí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún àti gbogbo ẹnu ká.

“Tí a bá fà á,” mo ní, “Bàbá máa délé láìlẹ́nu.”

“Ẹ̀rù ń bà yín ni,” Tíṣà ní.

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ẹ̀rù yẹn ni mo fi ń jẹun.”

Mo gbé ẹ̀yìn férémù wò. Páálí ibẹ̀ ti pọ́n bí ohun tó jóná, omi sì ti fa ìlà sí ìsàlẹ̀ rẹ̀.

“Mà, báwo ni omi ṣe débí?”

Ìyá wo ilẹ̀. “Mo máa ń bá a bọ́jú ni. Láràárọ̀. Mo ń rẹ aṣọ sómi.”

“Mọ́mì! Láti ogún ọdún tí Bàbá ti kú?” ni Nọ́ọ̀sì ké.

“Ṣé kí n máa wò ó tòun ti eruku lójú ni?”

“Omi tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu,” ni Tíṣà wí, ó sì bú sẹ́rìn-ín.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ rọrùn láti yé ni. Ẹni tó ṣe férémù náà gbé fọ́tò lé dígí láìfi àyè kankan sílẹ̀. Omi ṣàn lójú dígí, ó jókòó sínú ìsàlẹ̀ férémù, ó sì ń gun òkè díẹ̀díẹ̀ láàárín àwọn méjèèjì títí ojú fọ́tò fi di gọ́ọ̀mù.

“A ò ní yà wọ́n,” mo ní. “Bàbá àti dígí ti di ọ̀kan. Mo máa lẹ èjìká náà láti ẹ̀yìn. Mo máa fi páálí tí wọ́n fi òwú ṣe sí i lẹ́yìn, èyí tí kò ní ásíìdì tó ń jẹ fọ́tò. Lẹ́yìn náà, dígí míì níwájú tó ń dínà oòrùn, kò sì ní kan ti àkọ́kọ́.”

“Dígí méjì? Ṣé ẹ̀wọ̀n lẹ fẹ́ rán wọn lọ ni?” ni Nọ́ọ̀sì bi mí.

Ìyá fi ọ̀pá kan ilẹ̀. “Ẹ fi ọkọ mi sílẹ̀ tòun ti ẹ̀rín ẹ̀.”

Lọ́jọ́ Ẹtì, wọ́n padà wá. Ìyá bẹ̀rẹ̀ mọ́ férémù tuntun náà, ó ń wò ó. Ẹnu pé. Èjìká ku ìlà tín-ín-rín kan.

“Ó ti sún sẹ́yìn díẹ̀.”

“Kó lè pẹ́ ni, Mà.”

“Ó dáa bẹ́ẹ̀. Nígbà tó wà láyé, tó bá ti gun bẹ́ẹ̀dì, èmi kì í ríbi sùn.”

Nọ́ọ̀sì fọwọ́ bo ẹnu. Tíṣà gbé bàbá rẹ̀ bí ẹni gbé ẹyin, ó ń fẹsẹ̀ wá àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, àbúrò rẹ̀ sì ń pariwo lẹ́yìn rẹ̀ pé kó rọra.