Ọ̀rá Ara Rìmóòtù

"Màámi, ẹ jẹ́ kí n ya ọ̀rá yìí kúrò," ni Faridah wí. "Mo tẹ rìmóòtù dẹkódà yìí títí, kò dáhùn."

"Má ya á!" ni Àlàájà Kùdírátù fèsì. "Bàbá rẹ ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ wé e kí ó tó kú. Bátìrì ni kí o pààrọ̀."

"Ṣé kì í ṣe inú ọ̀rá náà ni bátìrì wà ni?"

Ìyá rẹ́rìn-ín. "Ìwọ Lọ́yà Bajulaiye yìí! Tú u, má ya á."

Faridah fi abẹ́rẹ́ tú kókó tí bàbá rẹ̀ ta sí ẹnu ọ̀rá náà díẹ̀díẹ̀. Bátìrì ti jò, irin ibẹ̀ sì ti dípẹtà. Ó fi aṣọ nù ún, ó ki bátìrì tuntun bọ̀ ọ́, ó sì tẹ̀ ẹ́.

Ohùn tẹlifíṣàn bú jáde, ó gba gbogbo ilé kan. Etí olóògbé kò gbọ́ràn dáadáa. Ibi tí ó gbé ohùn dẹkódà sí ni ó ṣì wà.

"Ariwo yìí pọ̀! Ẹ jẹ́ kí n dín in kù."

"Fi í sílẹ̀," ni ìyá wí, ó di ọ̀rá náà mú. "Báyìí ni ilé yìí ṣe máa ń dún nígbà tí bàbá rẹ wà láàyè."