Ilẹ̀kùn Kan Tó Kù Nínú Àká

Lẹ́yìn tí ilẹ̀ mì ní òkè wa, tí mo sin ìyàwó mi Rakíà àti ọmọ wa ọkùnrin ní ọjọ́ kan náà, kò sí tíṣà tó fẹ́ gun òkè wá sọ́dọ̀ wa mọ́. Èmi tí mo ka ìwé girama ní ìlú Tarudant nígbà èwe mi ni àwọn àgbà ní kí n máa kọ́ àwọn ọmọ ní sáyẹ́ǹsì, nínú àgọ́ tí a pa sí ilẹ̀ ìpakà.

Àwọn ọmọ kò fẹ́ gbọ́ nípa ewé àti kòkòrò. Ohun kan ni wọ́n fẹ́ mọ̀: ṣé yóò tún mì?

Mo sọ ohun tí àwọn onímọ̀ rí láìpẹ́ fún wọn. Nígbà tiwa, wọ́n kọ́ wa pé òkè ní gbòǹgbò nísàlẹ̀ bí eyín ṣe ní in nínú èrìgì, pé gbòǹgbò náà ló sì gbé e dúró. Ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ ti wo bí ìgbì ìmìtìtì ṣe ń gba abẹ́ òkè Atlas kọjá, wọ́n rí i pé gbòǹgbò tiwa kúrú ju bó ṣe yẹ lọ. Òkúta gbígbóná tó ń ru bọ̀ láti ìsàlẹ̀ wà lára ohun tó ń gbé òkè náà ró. Mo sọ nípa sátẹ́láìtì tó ti wo ilẹ̀ wa ṣáájú ìmìtìtì, tó sì tún wò ó lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi àwòrán méjèèjì wéra, apá kan òkè ti ga sí i tó gígùn àtẹ́lẹwọ́ àgbàlagbà.

"Tíṣà, bí wọ́n bá lè rí ìyẹn láti òkè ọ̀run, kí ló dé tí wọn ò lè sọ ọjọ́ tó máa tún mì?"

Tuda ló bèèrè. Ìyá àti bàbá rẹ̀ wà lára àwọn tí a sin. Bàbá àgbà rẹ̀, Bàbá Bihi, nìkan ló kù fún un.

Mo fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀ka álímọ́ńdì gbígbẹ. Mo ní kí wọ́n máa tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n sì sọ ìgbà tó máa kán kó tó kán. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó mọ̀ ọ́n. Ti ọmọ kan kán, ó fò gbá a nímú, àwọn yòókù sì bú sẹ́rìn-ín.

Mo ní, "Ẹ mọ̀ pé yóò kán, ẹ ò mọ ìgbà. Ibi tí àwọn onímọ̀ náà wà nìyẹn. Ṣùgbọ́n wọ́n mọ èyí: lẹ́yìn ìmìtìtì ńlá, kéékèèké máa ń tẹ̀lé e fún oṣù púpọ̀. Ilé tó ti sán kò nílò ńlá kó tó wó."

Tuda mú ẹ̀ka kan lọ fún bàbá àgbà rẹ̀.

Bàbá Bihi ni olùṣọ́ àká wa. Orí àpáta ni àká náà wà. Ìdílé kọ̀ọ̀kan ní yàrá tirẹ̀ nínú rẹ̀, tòun ti ilẹ̀kùn àti kọ́kọ́rọ́ onígi, ibẹ̀ la sì ń kó ọkà báálì, òróró àti ìwé ilẹ̀ sí. Ẹni tó bá di olùṣọ́ ti búra pé òun kò ní sùn níbòmíràn níwọ̀n ìgbà tí ẹrù ẹnì kan bá ṣì wà níbẹ̀, àti pé òun kò ní jẹ́ kí a ṣí ilẹ̀kùn kankan bí ẹni tó ni ín tàbí àrólé rẹ̀ kò bá dúró tì í. Ìmìtìtì ti la ògiri àká náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bàbá Bihi ṣì ń sùn síbẹ̀.

Mo gun àpáta lọ bá a.

Ó ní, "Tíṣà tó ń kọ́ ọmọ ní igi kíkán dé! Jókòó, mu tíì."

"Bàbá, ògiri yìí máa wó."

"Ọjọ́ wo?"

"Mi ò mọ̀."

"Àwọn tó ń wò wá láti ojú ọ̀run ńkọ́?"

"Àwọn náà ò mọ̀."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Èmi náà ò mọ̀. Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí mo fi ẹnu ara mi búra."

"Tuda ò ní ẹlòmíràn lẹ́yìn yín."

Ó da tíì sínú ife mi. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ní kí wọ́n wá kó ẹrù wọn. Ọjọ́ tí àká bá ṣófo, ìbúra mi tán. Màá gbé ẹní mi sọ̀ kalẹ̀ wá bá yín nínú àgọ́, kí n wá máa gbọ́ bí ẹ ṣe ń hanrun."

Ní ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, mo bá gbogbo ìdílé sọ̀rọ̀. Èmi ni mo kọ́kọ́ ṣí ilẹ̀kùn mi. Òróró tí Rakíà fi ọwọ́ ara rẹ̀ fún jáde wà níbẹ̀, pẹ̀lú aṣọ ìgbéyàwó tí ọmọ wa kò wọ̀. Mo kó wọn jáde. Àwọn yòókù kó tiwọn, títí ó fi ku ilẹ̀kùn kan, ti ilé Buzid. Gbogbo ilé náà ti kú, àyàfi Yidir tó ń ṣiṣẹ́ ní Kasablanka. Mo pè é lórí fóònù, Bàbá Bihi sì jókòó tì mí.

Yidir ní, "Ẹ fọ́ ilẹ̀kùn náà, ẹ̀gbọ́n. Kí ni mo fẹ́ fi ọkà ṣe? Àwọn tó yẹ kó jẹ ẹ́ ti lọ."

"Kì í ṣe tìtorí ọkà ni mo ṣe pè ọ́. Ẹni tó wà láàyè ló wà lábẹ́ ògiri yẹn."

Bàbá Bihi gba fóònù lọ́wọ́ mi. "Ìwọ ọmọ yìí! Ìgbà tí ò ń jí álímọ́ńdì mi, o kì í rán ẹlòmíràn wá bá ọ jí i. Gbéra, máa bọ̀!"

Yidir rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì di ẹkún. Ó ní òun á dé ní Ọjọ́bọ̀.

Mo bẹ Bàbá Bihi pé kó wá sùn lọ́dọ̀ mi títí dìgbà náà. Ó ní ilẹ̀kùn kan ṣì kù.

Òjò rọ̀ ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, omi sì ń wọ inú ibi tí ògiri ti là. Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, mo ń kọ́ àwọn ọmọ lọ́wọ́ nígbà tí ilẹ̀ mì. Kò pẹ́ ju ìgbà tí èèyàn fi ń wúkọ́ lọ. Nínú àgọ́, ohunkóhun kò ṣubú. Nígbà tí a jáde, eruku ti bo orí àpáta.

Yidir ń gun òkè bọ̀ nígbà náà, kọ́kọ́rọ́ ilé wọn wà lápò rẹ̀. Òun àtèmi la jọ sáré dé ibẹ̀.

Ìta ni Bàbá Bihi máa ń jókòó láàárọ̀, ibi tí ògiri kò ti lè bá a. Ṣùgbọ́n nílùú wa, bí ẹni tó ti pẹ́ lẹ́yìn odi bá ń bọ̀ wá ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀, olùṣọ́ gbọ́dọ̀ gbá iwájú ilẹ̀kùn náà kó tó dé. Aládùúgbò kan rí i tó mú ìgbálẹ̀ wọlé. Ó ní Bàbá Bihi ń kọrin.

A fi ọwọ́ lásán wa òkúta títí dé ọ̀sán kí a tó gbé e jáde. Kò sẹ́ni tó wá ohun tó wà nínú yàrá Buzid. Yidir jókòó sórí òkúta, ó ń sọ pé, "Mo ní kí ẹ fọ́ ọ. Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbọ́ tí mo ní kí ẹ fọ́ ọ." Mo ní mo gbọ́.

Tuda kò sunkún. Òun ló ń pọn omi wá fún àwọn tó ń wa òkúta. A kírun sí bàbá àgbà rẹ̀ lára lẹ́yìn àlàásárì, a sì sin ín.

Mo sọ fún Tuda pé ọ̀dọ̀ mi ni yóò máa gbé.

Ó bi mí pé, "Ṣé tíṣà náà ni kí n máa pè yín nínú ilé?"

Mo ní, "Pè mí bó bá ṣe wù ọ́."

Ó sùn sí ẹ̀bá ẹnu àgọ́, níbi tó ti lè tètè jáde. Títí di òní, kò tíì pè mí ní ohunkóhun.