Sólò Ará Amẹ́ríkà fún Màmá Emùré

Ẹ bá mi kí ọkọ mi, Bàbá Pẹ̀lúmi, tíṣà tó gbé orin jáàsì wọ Ìkẹ́rẹ́. Láti ìgbà tí wọ́n ti dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀, táwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń sáré ipò lọ sí Adó, sakisofóònù ni tèmi ń fọn. Ìyá rẹ̀ ní Emùré ló ta kòkó rà á fún un. Etí Màmá ti ń di díẹ̀díẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tó tọrọ ni pé kí ọmọ òun fi fèrè náà ki oríkì òun, kí òun gbọ́ ọ kí etí tó di pátápátá.

Ó tán, àbí? Ẹ̀yin ò mọ ọkọ mi. Ó ní jáàsì kì í ṣe eré, pé èèyàn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ há sólò, orin tí àwọn ọ̀gá dá fọn, sórí kó tó lè dá tirẹ̀. Ló bá gbé kásẹ́ẹ̀tì ará Amẹ́ríkà kan sílẹ̀, ó ń dá a dúró, ó ń yí i padà, ó ń fi dò-re-mi kọ ọ́ sára pátákó tó gbé ti ògiri ìdáná mi. Níbi tí ará Amẹ́ríkà bá ti mí, Bàbá Pẹ̀lúmi náà á mí. Mo ní, “Bó bá sín ńkọ́?” Ó ní mi ò mọ̀ nípa orin. Òótọ́ ni, ọbẹ̀ nìkan ni mo mọ̀.

Màmá ń ránṣẹ́ pé ọjọ́ wo ni. Ọ̀mọ̀wé tèmi ní sólò ò tíì jinná. A ní ká jẹ èkuru kó tán, ọkọ mi ń gbọn ọwọ́ rẹ̀ sáwo.

Nígbà tó jinná, a wọ mọ́tò lọ sí Emùré. Màmá wé gèlè, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó da etí ọ̀tún tó ṣì ń gbọ́ díẹ̀ kọ ọ́. Bàbá Pẹ̀lúmi fẹ́ fèrè náà kíkan kíkan, kò ṣi ibì kankan fọn. Orí mi wú. Ẹ má sọ fún un o.

Màmá ò rẹ́rìn-ín, ó kọjú sí ọmọ rẹ̀. “Dọ̀tun, oríkì ulé ta lo kì fún mi yẹn?”

“Màmá, ti ọ̀gá kan ní Amẹ́ríkà ni.”

“O kú iṣẹ́, ìwọ àti ọ̀gá rẹ. Ṣé èmi ni mo bí i ni? Tèmi dà?”

 Kò sí oríkì Màmá lórí pátákó tíṣà. Inú bí mi, mo ní, “Ẹ fọn nǹkan, jàre!”

Ó gbé fèrè sẹ́nu. Ẹ̀rù ò jẹ́ kó fẹ́ ẹ le. Ohùn náà tín-ín-rín, ó ń ṣìnà, ó ń padà, ó ń wá ibi tí yóò gbà. Kò dùn tó ti Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ ló ń kì. Àánú rẹ̀ ṣe mí, omi sì bọ́ lójú mi.

Ó fọn ún tán, Màmá ṣì da etí kọ ọ́. Ó dúró, ó dúró, ó wá yíjú sí mi.

“Àjíkẹ́, kí ló ń dúró dè? Ní kó máa bẹ̀rẹ̀.”