Ilẹ̀ Tí Kò Lórùlé

Ìjàyè kò tíì fọ́ nígbà náà. Bàbá Ọdẹkúnlé, tó tẹ abúlé wọn dó nítòsí ibi tí wọ́n ń pè ní Ìyànà Ọ̀fà lónìí, ṣì wà láyé; ojú rẹ̀ ti fọ́, ṣùgbọ́n ó ṣì ń fi ẹsẹ̀ mọ ọ̀nà oko. Ọ̀ṣuntọ́lá ọmọ rẹ̀ wà, opó tó ti padà sílé. Fákọ́ládé àbúrò Ọ̀ṣuntọ́lá wà, òun ló ń tọ́jú agbo ilé. Títíladé, ọmọ kan ṣoṣo tí Ọ̀ṣuntọ́lá bí, nìkan ni kò sí mọ́. Ìbàdàn ló kú sí lọ́dọ̀ àwọn onígbàgbọ́, wọ́n sì sin ín sí ọgbà ilé àdúrà wọn, ní gbangba.

Níbi òkú náà ni Ọ̀ṣuntọ́lá ti gbọ́ pé fèrè kan ń bọ̀ wá dún láti òkè, pé gbogbo onígbàgbọ́ tó ti kú yóò dìde, a ó sì kó wọn jọ pẹ̀lú àwọn tó ṣì wà láàyè. Títíladé yóò wà níbẹ̀. Ó gbà á gbọ́ lójú ẹsẹ̀. Ó délé, ó ní bí òun bá kú, kí wọ́n má sin òun sínú yàrá bí wọ́n ṣe ń sin àgbà. Ẹ̀bá oko ilá òun ni kí wọ́n sin òun sí, kí òun kọjú sí ibi tí oòrùn ti ń yọ.

Fákọ́ládé ní adétẹ̀ ni wọ́n ń sin sí ìgbẹ́. Ta ni yóò wá fẹ́ ọmọ ilé wọn mọ́?

Lọ́jọ́ kejì, Ọ̀ṣuntọ́lá gbé ọkọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí gbẹ́ ilẹ̀ náà fúnra rẹ̀. Kí oòrùn tó wọ̀, àbúrò rẹ̀ ti ní kí wọ́n dí i. Ó tún gbẹ́ ẹ; wọ́n tún dí i. Àwọn onígbàgbọ́ Ìbàdàn pàápàá ránṣẹ́ sí i pé kó fara balẹ̀, ẹni tó kú sódò náà yóò dìde. Ó ní òun gbọ́, ṣùgbọ́n òun kò fẹ́ kẹ́yìn dé. Nígbà tí Bàbá Ọdẹkúnlé kú, wọ́n sin ín sínú yàrá. Ọ̀ṣuntọ́lá jó sin bàbá rẹ̀ dáadáa. Ọjọ́ tí ìnáwó parí, ó tún padà sídìí ihò.

Fákọ́ládé bá a níbẹ̀. “Ẹ̀gbọ́n mi, yàrá ìyá wa ń dúró dè yín. Bí fèrè yín bá dún, ṣé ẹ ò ní gbọ́ ọ níbẹ̀ ni?”

“N ó gbọ́ ọ. Kí n tó wá ọ̀nà láàárín ìkòkò àti ewúrẹ́ yín, ọmọ mi á ti máa wò mí lọ́nà.”

“N ó dí i.”

“Máa dí i. Èmi náà ò kúkú níṣẹ́ mìíràn.”

Lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀, tí ilẹ̀ rọ̀, wọ́n wá sọ fún Fákọ́ládé lọ́sàn-án ọjọ́ kan pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti kú lóko. Ó bá òkú rẹ̀ ní ìjókòó létí ihò tó mu ènìyàn dé ìbàdí, ọkọ́ lórí ẹsẹ̀, aṣọ ẹtù rẹ̀ tó dára jù lọ lọ́rùn rẹ̀. Àwọn ará ilé ti tẹ́ ẹní láti gbé e lọ sí yàrá. Fákọ́ládé wo ihò náà títí. Ó ní kò tíì jìn tó. Ó mú ọkọ́ lórí ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sì bọ́ sínú ihò, kò gbà kí ẹnikẹ́ni ran òun lọ́wọ́.

Nígbà tó ti kọjú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sí ìlà-oòrùn, tó sì dí ihò náà tán, ó dúró níbẹ̀, ó ń nu òógùn.

“Bí fèrè náà bá dún tí ẹ ò dìde,” ó ní, “n ó jáde nínú yàrá tèmi wá fi yín ṣe yẹ̀yẹ́.”