Aṣọ Tí Màmá Chinwe Kì í Sá Síta

Àná ni Bàbá Timothy kú. Òní ni iṣẹ́ tó rán dé ọ̀dọ̀ Màmá Chinwe ní Ajégúnlẹ̀. Àná ni Títílọpẹ́, ọmọ Bàbá, fẹ́ wá jíṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n àwọn tírélà tó ń lọ sí èbúté Tin Can ti dí ọ̀nà Wharf Road pa, ló bá padà.

"Bàbá ní àwọn fẹ́ rí yín, Màmá. Ẹ má bínú pé mo pẹ́."

Aṣọ tutù kún inú yàrá náà, lórí okùn tí wọ́n ta láti ògiri kan dé èkejì. Ese, tí yàrá tiẹ̀ kọjú sí ti Màmá, yọjú wọlé.

"Màmá, òòrùn ń ta bí iná níta o! Àbí pátá yín ń tijú ni?"

"Ojú tìẹ ló ń tì í. Kọjá lọ, jọ̀ọ́."

Ese rẹ́rìn-ín lọ. Títílọpẹ́ jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì.

"Sátidé la máa sin wọ́n. Ẹ̀gbọ́n mi ní ẹ̀yin lẹ máa jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì, bí Bàbá ṣe gbà yín là nígbà ogun Biafra."

Màmá Chinwe na etí aṣọ kan kó lè gbẹ dáadáa.

"Àwọn ṣójà ìjọba ti gba ìlú wa nígbà náà. Bàbá rẹ wà lára wọn. Èmi, aṣọ sísá niṣẹ́ mi. Bí ṣójà bá wà lórí afárá, màá sá aṣọ. Bí wọ́n bá lọ, màá ká a. Àwọn ọmọ ogun wa ń wò ó láti inú igbó, lódìkejì odò. Lọ́jọ́ kan òjò dé, ṣójà ò tíì lọ, mo fi aṣọ sílẹ̀ lórí okùn. Ta ló ń sá aṣọ sínú òjò? Bàbá rẹ rí i, ó fura. Kò fẹjọ́ mi sùn. Ó ká aṣọ náà fúnra rẹ̀, ó kó o fún mi, ó ní, 'Ọmọ yìí, wọlé.' Ká ní ọ̀gá rẹ̀ ló rí i ni, wọn ì bá yìnbọn pa mí."

"Bí wọ́n ṣe máa ń sọ ọ́ náà nìyẹn."

"Okùn wá ṣófo, àwọn ọmọ wa rò pé ṣójà ti lọ. Emeka, ẹ̀gbọ́n mi, ló kọ́kọ́ gun afárá, ibẹ̀ ni ìbọn ti bà á."

Títílọpẹ́ gbójú sókè wo okùn tó wà nínú yàrá náà. Wọ́n ń gbọ́ ẹni tó ń pọn omi níta.

"Ṣé Bàbá mọ̀?"

"Kò mọ̀. Ọdọọdún ló ń gbé ìrẹsì Kérésì wá. Mo ń gbà á, mo ń dúpẹ́."

"Ṣé ẹ ṣì máa wá, Màmá?"

"Màá wá. Màá tẹ̀lé yín dé itẹ́ òkú. Ṣùgbọ́n mi ò ní jẹ́rìí, Títí. Sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ kó má pe orúkọ mi."