Góòlù Ẹnu Àlàájì Àkàngbé

Láti ọdún 1983 ni Àlàájì Àkàngbé ti ń fi ẹnu rẹ̀ tọ́jú owó pamọ́. Àbùmọ́ kọ́. Eyín góòlù kan ló wà níwájú ẹnu rẹ̀ lókè, èyí tó ṣe ní Mẹ́kà nígbà tó lọ síbi Háàjì, ó sì ti sọ fún gbogbo Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó pé báńkì òun nìyẹn. Láyé ìgbà náà, ẹni tó bá lọ Mẹ́kà tí kò gbé eyín bọ̀, ojú ẹni tó lọ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Ìkòròdú ni wọ́n fi ń wò ó.

Bí náírà bá ti já wálẹ̀, inú Àlàájì a máa dùn bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́. Á jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù táyà rẹ̀, á máa rẹ́rìn-ín sí àwọn tó ń kọjá.

"Bébà lásán ni owó yín," ni yóò wí. "Ẹ wo èmi. Olè ò lè jí i, iná ò lè jó o, ìjọba ò lè pààrọ̀ àwọ̀ rẹ̀. Lọ́jọ́ tí nǹkan bá le, mo kàn máa ya ẹnu ni."

Àlàájì Habeeb, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń kírun ní mọ́ṣáláṣí kan náà, kò gbà. Ilẹ̀ ni Habeeb gbà gbọ́. Ó ní pílọ́ọ̀tì méjì lọ́nà Ẹ̀pẹ́, tí ọmọ onílẹ̀ ti tà fún ẹni mẹ́rin mìíràn lẹ́yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣì ń pè é ní dúkìá.

"Góòlù wo?" ni Habeeb máa ń wí níṣojú gbogbo èèyàn. "Idẹ ni. Bàálù tó gbé ọ lọ Mẹ́kà yẹn, ọjà Mushin ló balẹ̀ sí."

Wọn a rẹ́rìn-ín, Àkàngbé náà a bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ń dùn ún dé egungun. Omi òjò ti gbé fọ́tò Háàjì rẹ̀ lọ, ikán ti jẹ pásípọ́ọ̀tù, àwọn tí wọ́n sì jọ lọ ti kú tán. Eyín yẹn nìkan ló kù tó lè jẹ́rìí pé Àlàájì ni.

Ìyàwó rẹ̀, Bàlíkísù, ọwọ́ ló fi ń rán fìlà. Ó ti tó ọdún méjì tí awọ funfun kan ti ń bo ẹyinjú rẹ̀ méjèèjì. Kò lè fi òwú sínú abẹ́rẹ́ mọ́. Lọ́sẹ̀ kan báyìí, ó kúnlẹ̀ ní pálọ̀, ó kí agbádá tí wọ́n sá sára fáànù. "Ẹ káàbọ̀, Àlàájì," ló wí fún un. Ó tún bi agbádá náà bóyá ó ti jẹun. Àkàngbé wà lẹ́nu ọ̀nà, ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò jáde. Ẹ̀rù ló bà á.

Ilé ìwòsàn ojú kan ní Sùúrùlérè ní iṣẹ́ abẹ ni yóò yanjú rẹ̀, àti pé ojú ọ̀tún kò gbọdọ̀ pẹ́ mọ́. Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ni dókítà tó ń ṣe é máa ń wá láti Ìbàdàn. Ọjọ́bọ̀ ni yóò dé, ẹni tí kò bá sì tíì sanwó títí ọ̀sán Ọjọ́rú, ó di oṣù mìíràn. Lateefat ọmọ wọn ti fi gbogbo ohun tó ní sórí àyẹ̀wò àti oògùn. Táyà ò tà. Àkàngbé wá rí i pé ọjọ́ tí nǹkan yóò le tó ti ń wí láti ọjọ́ yìí wá, ó ti dé.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó wọ aṣọ tó dára, ó lọ bá ọmọbìnrin tó ń gbowó nílé ìwòsàn náà, Iṣẹ́olúwa lorúkọ rẹ̀, ó sì ya ẹnu níwájú rẹ̀.

"Bàbá, ojú là ń wò níbí o," ni Iṣẹ́olúwa wí. "A kì í wo eyín."

"Owó nìyẹn, ọmọ mi. Góòlù Mẹ́kà ni. Wọ̀n ọ́n, kí o fún mi ní ṣéńjì."

"Bàbá, káàṣì, transfer, àbí POS. Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni mo ṣe fẹ́ fi ẹnu yín sínú POS?"

Àwọn tó tò sẹ́yìn bú sẹ́rìn-ín. Ogójì ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ tí Àkàngbé ti ń wàásù góòlù, kò rò ó rí pé èèyàn á kọ́kọ́ tà á ná kó tó fi sanwó.

Kí ilẹ̀ Ọjọ́rú tó mọ́ tán, ó ti dé Tejúoṣó, lọ́dọ̀ obìnrin kan tó ń jẹ́ Gertrude, tó ń ra ògbólógbòó góòlù. Habeeb tẹ̀ lé e. Ó ní òun ń sìn ín lásán ni. Irọ́ ni, ó fẹ́ fi ojú ara rẹ̀ rí idẹ.

Gertrude yẹ inú ẹnu náà wò, ó mi orí. "Bàbá, èmi kì í wọn eyín mọ́ orí. Ẹ lọ yọ ọ́ wá."

Wọ́n wá dókítà eyín kan rí ní Yábàá. Ó ní eyín tó wà lábẹ́ góòlù náà ti kú tipẹ́, góòlù ló kàn mú un dúró, nítorí náà méjèèjì ni yóò jáde. Habeeb ló sanwó. Bí idẹ yẹn ṣe ń wù ú rí tó nìyẹn.

Nígbà tí wọ́n padà dé Tejúoṣó, òwú ti kún ẹnu Àkàngbé. Gertrude fi eyín náà ha òkúta dúdú rẹ̀, ó kán ásíìdì tó fi ń dán góòlù wò sí i. Ó dúró. Ó tún ha á, ó tún kán an. Ìlà tó ha náà ń dán, kò yí padà. Habeeb na ọrùn títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ sórí òṣùwọ̀n.

"Góòlù ni," ni Gertrude wí. "Káráàtì mọ́kànlélógún, irú ti Saudi. Bàbá, níbo lẹ ti rí i?"

Ogójì ọdún ni Àkàngbé ti ń retí kí ẹnìkan bi í ní ìbéèrè yìí níṣojú Habeeb. Ó ya ẹnu. "Hẹ́-há," ló wí. Òwú náà kò jẹ́.

"Mẹ́kà ló ní," ni Habeeb wí jẹ́ẹ́jẹ́. Ojú tì í. Ó fa ọ̀rẹ́ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Àkàngbé, má tà á. Gbé e dání ká lọ mọ́ṣáláṣí báyìí, èmi fúnra mi ni màá jẹ́rìí. Dókítà á bá ọ lẹ̀ ẹ́ padà. Bí o bá ti tà á tán, ta ni wọ́n máa gbà gbọ́?"

Òótọ́ ni. Àkàngbé gba eyín náà sí àtẹ́lẹwọ́. Kò ju hóró àgbàdo lọ, gbogbo orúkọ rẹ̀ ló sì wà níbẹ̀. Ó wù ú púpọ̀ láti gbé e lọ. Ó wá rántí agbádá orí fáànù, àti ìyàwó rẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀ tó ń retí kí aṣọ dáhùn. Ó gbé eyín náà sórí òṣùwọ̀n, ó sì fọwọ́ sún un sọ́dọ̀ Gertrude.

Gertrude kò ka iṣẹ́ ọwọ́, kò ka Mẹ́kà, ìwọ̀n nìkan ló san. Ó tó ojú kan, ó sì bọ́ sọ́wọ́ Iṣẹ́olúwa kí ọ̀sán tó pọ́n. Ẹ bá mi dá ẹjọ́ yìí: owó tí Àkàngbé fi ṣe eyín náà ní 1983 kò lè ra àkàrà tó yó ọmọdé lónìí, eyín náà sì ra ojú ọ̀tún odindi èèyàn. Ṣùgbọ́n góòlù tó ní òun fi pamọ́ fún ọjọ́ ìṣòro náà ló kọ́kọ́ dójú tì í níwájú èrò ilé ìwòsàn, tó sì tún gba eyín lẹ́nu rẹ̀, kó tó di owó.

Kí ó tó di ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, wọ́n ti ń sọ ní mọ́ṣáláṣí pé idẹ náà ló dípẹtà tí Àkàngbé fi yọ ọ́. Habeeb dìde, ó búra pé góòlù ni, òun fojú òun rí i. Wọ́n fi í rẹ́rìn-ín. "Ṣé ìwọ tó ní bàálù ẹ̀ balẹ̀ sí Mushin?" Ẹnikẹ́ni kò gbà á gbọ́.

Ní ọjọ́ Jímọ̀, nọ́ọ̀sì tú báńdéèjì ojú Bàlíkísù. Láti Ọjọ́rú ni Àkàngbé ti ń fọwọ́ bo ẹnu, kò sì tíì sọ ibi tó ti rówó fún un. Bàlíkísù ṣẹ́jú. Ó wo fáànù, ó wo fèrèsé, ó rí okùn aṣọ kan lóde, ó sì ka iye aṣọ tó wà lórí rẹ̀ sókè. Lẹ́yìn náà ló kọjú sí ọkọ rẹ̀.

"Àlàájì, kí ló ṣe yín lẹ́nu?"

Ó sọ ọwọ́ kalẹ̀.

"Eyín yín ńkọ́?"

"Ó wà lójú ẹ," ni Àkàngbé wí.

Omi lé sí ojú tuntun náà, nọ́ọ̀sì sì pariwo pé Màmá ò gbọdọ̀ sunkún o. Bàlíkísù fi etí gèlè nu ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó sún mọ́ ọkọ rẹ̀ pẹ́kípẹ́kí.

"Ẹ rẹ́rìn-ín, Àlàájì," ló wí. "Ẹ jẹ́ kí n rí i dáadáa."

Àlàájì Àkàngbé ya ẹnu.